Ìgò Gáréèjì àti Páálí Òkè Òkun

Ẹ wo ìgò yìí. Mílíìkì sóyà ló wà nínú ẹ̀, ó tutù nini. Ìyá kan tó ń kiri ní gáréèjì ló tà á fún mi. Ẹ wá wo páálí yìí: mílíìkì álímọ́ńdì ni, òkè òkun ló ti wá. Tí mo bá gbé méjèèjì síwájú àlejò, ẹ̀yin náà mọ èyí tó máa nawọ́ sí.

Bẹ́ẹ̀, ife mílíìkì sóyà kan lè ní tó gíráàmù 7 purotéènì, bí wọn ò bá ti bomi là á jù. Ti álímọ́ńdì kì í sábà ju 1 lọ.

Kí ló wá dé? Wọ́n á ní ó ń rùn bí ẹ̀wà tútù. Wọn ò parọ́. Tí wọ́n bá fi omi tútù lọ sóyà, èròjà inú ẹ̀ kan tó ń jẹ́ lipoxygenase á kọ lu òróró ẹ̀, òórùn á sì gbòde. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ da ẹ̀wà náà sínú omi tó ń hó, kó tó lọ̀ ọ́. Tó bá sẹ́ ẹ tán, á gbé e kaná, á dúró tì í, á máa rò ó kí ìfófòó má bàa ru dà sínú iná. Kò gbọdọ̀ yára sọ̀ ọ́, torí sóyà tí ò jinná ń da inú rú. Ọwọ́ ẹni tó sè é ni ọ̀rọ̀ wà, kì í ṣe ẹ̀wà.

Àwọn mìíràn ń fura: omi wo ló lò, ìgbà wo ló sè é? Èmi náà ń fura. Láìsí fíríìjì, kì í pẹ́ kan. Mo máa ń gbóòórùn ẹ̀ kí n tó gbé e sẹ́nu.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni àwọn tó ní ti màlúù nìkan ni mílíìkì gidi. Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, tó padà di mínísítà ètò ìlera, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àgbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ni ikùn wọn ò lè da lactose, ìyẹn ṣúgà inú mílíìkì màlúù. Ọ̀pọ̀ Fúlàní tó ń da màlúù lè dà á ní tiwọn. Sóyà ò ní lactose rárá. Ẹ̀yin tí inú yín ń kùn lẹ́yìn tíì àárọ̀, ṣé ẹ gbọ́?

Káṣíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, wà lára ohun tí mílíìkì màlúù fi ju ti sóyà lọ, àfi tí wọ́n bá fi kún un. Ẹ má sì fi mílíìkì sóyà rọ́pò ọmú fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan o.

Ó yá, ẹ bu méjèèjì sínú ife tó jọra, ẹ má sọ èwo ni èwo fún ará ilé yín. Ẹ kọ ohun tí wọ́n bá sọ sísàlẹ̀ fídíò yìí.