Ohun Tó Ń Ṣubú Tí Kì Í Kanlẹ̀: Òṣùpá, Sátẹ́láìtì àti Òòfà Ilẹ̀

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú ní Ìlọrin)

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin àfáà, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ mi tó wà níjokòó, mo kí yín. Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn: kí ló gbé sátẹ́láìtì, ẹ̀rọ tí èèyàn fi ránṣẹ́ sójú ọ̀run, dúró lókè? Àwọn kan a ní ẹ́ńjìnnì ni. Àwọn mìíràn a ní òòfà ilẹ̀, ìyẹn agbára tí ayé fi ń fa nǹkan wálẹ̀, kò dé ọ̀hún. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì. Ní nǹkan bíi kìlómítà 400 sókè, níbi tí ilé ìwádìí àgbáyé tó wà lójú ọ̀run (ISS) ti ń yí ayé po, òòfà ilẹ̀ ṣì ní nǹkan bí ìdá 89 nínú 100 agbára tó ní níbi tí a jókòó sí yìí. Àwọn tó wà nínú ilé náà ń léfòó nítorí pé àwọn àti ilé jọ ń ṣubú pọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn gun Òkè Sóbì. Ẹ sọ òkúta sí iwájú gbọọrọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò ti wálẹ̀ ní mítà 4.9. Ẹ fi agbára sọ òmíràn, yóò jìnnà ju ti àkọ́kọ́ lọ, síbẹ̀ mítà 4.9 náà ni yóò wálẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Eré rẹ̀ kò dín òòfà ilẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ayé rí róbótó. Bí nǹkan bá lọ tààrà fún kìlómítà 7.9, ilẹ̀ yóò ti fi bíi mítà 4.9 rẹlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ká ní a rí ẹni tó lè ju òkúta kó máa sá kìlómítà 7.9 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tí kò sí afẹ́fẹ́ tó máa dí i lọ́wọ́, tí kò sí òkè tàbí ilé lọ́nà, bí òkúta ṣe ń já wálẹ̀ ni ilẹ̀ á máa tẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Kò ní í kanlẹ̀. Yóò yí ayé po, yóò sì gba ẹ̀yìn wa yọ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 84. Irú eré bẹ́ẹ̀, láti Ìlọrin dé Ọ̀fà kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Isaac Newton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló ro èyí, orí òkè gíga àti ìbọn àgbá lòun fi ṣàpẹẹrẹ tirẹ̀. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé kò dúró lórí òkúta. Ó wo òṣùpá. Òṣùpá fi nǹkan bí ìlọ́po 60 jìn sí àárín ayé ju àwa lọ. Bí òòfà bá ń dín kù gẹ́gẹ́ bí 60 lọ́nà 60, ó yẹ kí òṣùpá máa já sọ́dọ̀ wa ní mìlímítà kan àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ṣírò ó, ó bá a mu. Ìwé rẹ̀ jáde ní 1687, láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé ohun tó ń já èso bọ́ lórí igi ló di òṣùpá mú.

Nílùú wa yìí, tí gbogbo ojú ń wà lókè ní ọjọ́ 29 oṣù Ṣàbánì láti wo oṣù ààwẹ̀, ó yẹ ká mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọjọ́ 27 àti díẹ̀ ni òṣùpá fi ń yí ayé po lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ayé náà ń rìn yí oòrùn ká, kò sì dúró de òṣùpá. Òṣùpá ní láti fi bí ọjọ́ méjì lé e kó tó tún bọ́ sí ààrin àwa àti oòrùn. Ìyẹn ló jẹ́ kó di ọjọ́ 29 àti ààbọ̀ láti oṣù tuntun kan sí èkejì, tí ààwẹ̀ fi ń jẹ́ 29 tàbí 30, tó sì ń fi bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣí. Ẹni tó pẹ́ láyé á gbà á nígbà òjò, á sì gbà á nígbà ọyẹ́.

Àwọn baba wa ní Àgùàlà ń bá oṣù rìn, wọ́n ṣebí ajá rẹ̀ ni. Òótọ́ pọ́ńbélé ni òwe yẹn. Oòrùn ni Àgùàlà, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Venus, ń yí po, ọjọ́ 225 ló sì fi ń ṣe é. Ó sún mọ́ oòrùn jù wá lọ, òòfà oòrùn le lára rẹ̀, àfi kó yára kó má baà já sínú rẹ̀. Kepler, onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ọmọ Jámánì, ti rí ìlànà rẹ̀ ní 1619: ẹ kọ ìjìnnà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ fi wọ́n lu ara wọn, ẹ kọ àkókò sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ fi wọ́n lu ara wọn, èsì méjèèjì á jọ máa lọ ní déédéé.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ yọ fóònù yín. Sátẹ́láìtì tí díìṣì orí òrùlé wa ń kọjú sí jìn sí àárín ayé ní kìlómítà 42,164, ọjọ́ kan ló fi ń yí ayé po. Òṣùpá jìn tó 384,400, ìlọ́po 9.1. Ẹ fi 9.1 lu 9.1, ẹ tún fi 9.1 lu èsì rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 754. Nọ́ńbà wo ló máa lu ara rẹ̀ tí yóò fún wa ní 754? Kò tó 27 àti ààbọ̀ tán. Iye ọjọ́ òṣùpá nìyẹn. Ìlànà kan náà ló ń darí ohun tí Ọlọ́run dá sójú ọ̀run àti ohun tí èèyàn fi ránṣẹ́.

Torí pé sátẹ́láìtì yẹn àti ayé jọ ń yí ní ìwọ̀n kan náà, lórí ìlà agbedeméjì ayé, ojú kan ló wà lójú wa. NigComSat-1R, sátẹ́láìtì Nàìjíríà tiwa, tí wọ́n fi ránṣẹ́ ní oṣù Kejìlá 2011, wà lókè ọgangan Kismayo ní Sòmálíà. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á ní Ìlọrin, ìlà oòrùn ni yóò kọjú díìṣì sí, yóò sì gbé e sókè.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń so díìṣì wá béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí epo inú ẹ̀ bá tán ńkọ́?” Ìbéèrè gidi ni. NigComSat-1, tó ṣáájú 1R, tó lọ ní 2007, iná rẹ̀ kú ní 2008, kò sì já lu ẹnikẹ́ni, nítorí kì í ṣe ẹ́ńjìnnì ló gbé e dúró. Ohun tí a fi nílò epo ni pé òòfà òṣùpá àti ti oòrùn ń fa sátẹ́láìtì kúrò lórí ìlà agbedeméjì díẹ̀díẹ̀, kò tó dígírì kan lọ́dún. Bí kò bá sí epo tí yóò fi dá ara rẹ̀ padà, yóò máa lọ sí àríwá, yóò máa bọ̀ sí gúúsù lójoojúmọ́, díìṣì tí a so mọ́ ojú kan kò sì ní rí i dáadáa mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹnjiníà fi máa ń ṣẹ́ epo díẹ̀ kù, tí wọ́n fi ń tì í lọ sí nǹkan bíi kìlómítà 300 sókè sí i nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí, kó má baà dí àwọn yòókù lọ́nà. Fífà á wálẹ̀ kó jóná nínú afẹ́fẹ́ máa gba epo ju ìyẹn lọ fíìfíì.