Ọmọ Tí A Lé Jáde Ní Kíláàsì: Ìlera Ọpọlọ Àwọn Ọ̀dọ́, Ilé Ẹ̀kọ́ àti Ìwà Ọ̀daràn

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera àti ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹjọ́ àwọn ọmọdé, mo kí yín. Kí n tó dárúkọ àìsàn kankan, mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo kíláàsì kan. Ọmọdékùnrin ọlọ́dún 13 kan jókòó sí ọwọ́ ẹ̀yìn. Olùkọ́ ní kí ó dìde, kí ó ka ìpínrọ̀ kejì sókè. Ọmọ náà kò dìde. Olùkọ́ tún un sọ, ohùn rẹ̀ sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ; àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn wò ó. Kí a tó ṣẹ́jú, ìwé ti balẹ̀, tábìlì ti dojú dé, èébú ti jáde lẹ́nu ọmọ, òun fúnra rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí wọn yóò kọ sínú ìwé nípa rẹ̀ ni pé ó ṣe àìgbọràn, ó bú olùkọ́, ó sì ba dúkìá jẹ́. Kò sí ibì kan nínú ìwé náà tí a ó ti rí i kà pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí ọmọ yìí ti sùn dáadáa kẹ́yìn, pé àyà rẹ̀ a máa já nígbàkigbà tí ojú bá pọ̀ lára rẹ̀, àti pé ìpínrọ̀ tí wọ́n ní kí ó kà náà, kò lè kà á.

Èrò mi ni pé àárín ohun tí wọ́n kọ àti ohun tí wọn kò kọ yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń já bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá.

Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yọ nǹkan kan kúrò lọ́nà. Àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ìwà ọ̀daràn, kì í sì í ṣe ọ̀nà tó já tààrà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọ̀dọ́ tí ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àìbalẹ̀ ọkàn ń bá fínra kò ní jí abẹ́rẹ́ láyé wọn. Àwọn gan-an ni wọ́n tilẹ̀ sábà máa ń lù, tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n sì ń gba nǹkan lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá gbọ́ mi lónìí tó wá padà sílé lọ máa fura sí ọmọ tó ń gba ìtọ́jú, onítọ̀hún ti gbọ́ mi sódì.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé, káàkiri ayé, ọmọ 1 nínú àwọn 7 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 10 sí 19 ni ó ní ìṣòro ìlera ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Ní ọdún 2005, Ronald Kessler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde ìwádìí jáde tó fi hàn pé ìdajì nínú àwọn àìsàn ọpọlọ tó ń bá àgbàlagbà jà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí onítọ̀hún yóò fi pé ọmọ ọdún 14, tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí yóò fi pé 24. Ẹ wá ro ibi tí ọmọ ọdún 14 máa ń wà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Dókítà lè má fojú kàn án fún odidi ọdún kan, olùkọ́ sì ń rí i lójoojúmọ́. Ojú olùkọ́ ni àìsàn náà ń kọ́kọ́ ṣe, kí ó tó ṣojú oníṣègùn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kì í kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú orí wá. Àgbà tó rẹ̀wẹ̀sì lè máa sunkún, kí ó máa fọwọ́ lẹ́rán; ọ̀dọ́langba tó rẹ̀wẹ̀sì lè kàn máa kanra. Ohun tí kò tó nǹkan yóò máa bí i nínú, yóò fi eré tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ kò ní pé mọ́, wọn yóò sì ní ìgbéraga ló dé sí i. Ní ti àìbalẹ̀ ọkàn, inú rírun ni a sábà fi ń mọ̀ ọ́n: gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni inú ń run ọmọ, bí ó bá sì ti di ọ̀sán, ara rẹ̀ á yá, àwọn ará ilé á sì pè é ní ọ̀lẹ. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti rí ìwà ipá nílé, ara rẹ̀ kì í lélẹ̀. Bí olùkọ́ bá gbá a léjìká láti ẹ̀yìn, láìní nǹkan burúkú kan lọ́kàn, ẹ̀ṣẹ́ lè ni ọmọ náà fi máa dá a lóhùn. Òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bí a ti ń bá a wí ni yóò máa rẹ́rìn-ín. Àwa tí a ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín, ó yẹ kí ẹ̀rín yẹn tètè yé wa, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹ́ ojú ọmọdé ni a ti rí i, àfojúdi ni a máa ń pè é.

Ọmọbìnrin tó dákẹ́ sí igun kíláàsì, tí kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, wà nínú ewu tirẹ̀: kò sẹ́ni tó ń lé e, kò sì sẹ́ni tó ń bi í léèrè. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kì í sábà dé ilé ẹjọ́, nítorí náà n kò ní dúró pẹ́ lórí rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìpẹ̀kun kejì, níbi tí àwọn ọmọ tí ọwọ́ òfin ti tẹ̀ wà. Láàárín 1995 sí 1998, Linda Teplin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò fún ọmọ 1,829 tí wọ́n wà ní àtìmọ́lé àwọn ọmọdé ní Chicago, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 10 sí 18. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ọmọkùnrin, àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ọmọbìnrin, tí wọ́n bá àìsàn ọpọlọ kan, ó kéré tán, lára wọn. Mo mọ ohun tí oníyèméjì yóò sọ, torí pé èmi náà sọ ọ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á: wọ́n ka títàpá sí òfin léraléra mọ́ àìsàn, wọ́n kàn sọ ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ lórúkọ mìíràn ni. Àwọn olùṣèwádìí náà ti rò ó ṣáájú wa. Wọ́n yọ èyí kúrò nínú ìṣirò, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọmọkùnrin 60 nínú ọgọ́rùn-ún, àti ọmọbìnrin tó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta lọ, tí wọ́n ṣì ní àìsàn mìíràn. Èyí kò wá túmọ̀ sí pé àìsàn nìkan ló tì wọ́n débẹ̀. Àtìmọ́lé fúnra rẹ̀ a máa dá àìsàn sílẹ̀: ilẹ̀kùn irin tó ń dún lóru, ìbẹ̀rù ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, àti àìmọ ọjọ́ tí a ó jáde.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí jù ni àárín ìpẹ̀kun méjèèjì, ìyẹn ọjọ́ tí a lé ọmọ jáde. Ní Edinburgh, ní ilẹ̀ Scotland, Lesley McAra àti Susan McVie ń tẹ̀lé ìgbésí ayé nǹkan bí 4,300 ọmọ tí wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ní 1998. Wọ́n rí i pé ọmọ tí a ti lé kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà tó fi pé 12, ìlọ́po mẹ́rin ni ewu ẹ̀wọ̀n fi pọ̀ sí i fún un nígbà tó bá dàgbà. Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká sáré sọ pé lílé náà ló sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n. Ọmọ tí a lé ti ní wàhálà lọ́rùn kí a tó lé e. Ṣùgbọ́n ìwádìí kan náà mú àwọn ọmọ tí ìwà àti ipò wọn jọra, ó fi àwọn tí a wọ́ jìnnà lọ sínú ètò ìdájọ́ wé àwọn tí a kò wọ́ débẹ̀, ó sì rí i pé àwọn tí a wọ́ jìnnà jù ni ó pẹ́ jù kí wọ́n tó jáwọ́.

Àbájáde yìí bá ohun tí Terrie Moffitt, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, kọ ní 1993 mu. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ 1,037 tí a bí ní Dunedin, ní New Zealand, láàárín 1972 sí 1973 ni púpọ̀ nínú èrò rẹ̀ ti wá. Ó ní ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń rú òfin nígbà ọ̀dọ́langba ni yóò fi í sílẹ̀ fúnra wọn bí wọ́n bá ti ń dàgbà. Àwọn díẹ̀, tí ìṣòro tiwọn ti bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, ni kì í jáwọ́. Ṣùgbọ́n ó mẹ́nu kan tàkúté pẹ̀lú. Ọmọ tó yẹ kó jáwọ́ lè há sínú rẹ̀: ìwé tí kò parí, orúkọ tó ti wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, oògùn olóró tó ti di bárakú. Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ń dẹ àkọ́kọ́ nínú àwọn tàkúté yìí?

Ẹ padà sọ́dọ̀ ọmọ ọdún 13 wa. Wọ́n ní kí ó lọ jókòó sílé fún ọjọ́ márùn-ún. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lù, àwọn àgbà ilé ti lọ síbi iṣẹ́, ilé pa rọ́rọ́. Àwọn tí ọwọ́ wọn dilẹ̀ ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí a ti lé ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n sì fi ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin jù ú lọ. Wọn kò ní ní kí ó ka ìpínrọ̀ kankan. Wọ́n á kí i káàbọ̀, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ọjọ́ márùn-ún bá pé, yóò padà sí kíláàsì tó ti kọjá orí méjì nínú ìwé, ohun tí kò yé e yóò ti di púpọ̀, ìdí tí kò fi fẹ́ dìde kàwé yóò sì ti pọ̀ sí i. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ ni a máa ń fi òwe yìí bú, bẹ́ẹ̀ àwa gan-an ni òwe náà ń bá wí: ọjọ́ márùn-ún yẹn, a kò kọ́ ọ.

Amẹ́ríkà ti dán líle koko wò. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1994 ní kí a lé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbé ìbọn wá sí ilé ẹ̀kọ́ fún ọdún kan, ó kéré tán. Kò sẹ́ni tí yóò bá wọn jà lórí ìbọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ na ọwọ́ ìlànà aláìgbẹ̀bẹ̀ náà dé orí ìjà kékeré àti èsì líle, títí ọlọ́pàá fi wá ń mú ọmọ lórí ohun tí olùkọ́ ìṣáájú ìbá fi ìbáwí yanjú. Ní 2008, ìgbìmọ̀ kan tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọn kò sì rí ẹ̀rí pé ó sọ ilé ẹ̀kọ́ di ibi tí ọkàn ti balẹ̀ jù.

Nǹkan kan tún wà tí a kì í sábà sọ. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń dé iwájú adájọ́ ni gbígbọ́ èdè àti sísọ ọ́ yéni ṣòro fún. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i pé ó ju ìdajì wọn lọ. Ẹ fojú inú wò ó. Agbẹjọ́rò bi í pé: “Ǹjẹ́ o ti ronú lórí ipa tí ìṣe rẹ ní lórí ẹni tí o gba fóònù rẹ̀?” Ọmọ náà gbé èjìká, ó wo ilẹ̀, ó ní: “N kò mọ̀.” Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò kábàámọ̀. Bóyá lóòótọ́ ni kò kábàámọ̀. Bóyá ó sì jẹ́ pé “ipa” àti “ìṣe” tó tẹ̀lé ara wọn nínú gbólóhùn gígùn yẹn ni kò yé e. Ìtìjú tó mú kí ọmọ wa ti tábìlì ṣubú ló wà nínú “n kò mọ̀” yìí. Ẹni tí wọ́n gba fóònù rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rí ìdájọ́, n kò bẹ̀bẹ̀ pé kí a fo ẹ̀tọ́ yẹn dá; ohun tí mo ń sọ ni pé ìdájọ́ tí ẹlẹ́ṣẹ̀ kò gbọ́ èdè rẹ̀ kò lè yí i padà.

Ṣé nǹkan kan wà tó ń ṣiṣẹ́? Ó wà, kì í sì í yá. Ní Ypsilanti, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, láti 1962, wọ́n mú ọmọ 123 láti inú àwọn ìdílé tálákà, wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi tó péye láti ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, olùkọ́ sì ń bẹ ìyá wọn wò nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí wọ́n pé ẹni 40 ọdún, àwọn tí ọlọ́pàá ti mú nígbà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 36 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín wọn, wọ́n sì jẹ́ 55 láàárín àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn.

Òfin àgbáyé náà ti sọ tirẹ̀. Àdéhùn lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 1989, ní abala 37, ní kí àtìmọ́lé ọmọ jẹ́ ohun tí a ó ṣe kẹ́yìn, fún àkókò tó kúrú jù lọ. Ní 2019, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àdéhùn náà gba àwọn orílẹ̀-èdè níyànjú pé kí wọ́n má ṣe ka ọmọ tí kò tíì pé 14 sí ẹni tí a lè fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn. 14 yìí náà ni a bá nínú ìwádìí Kessler.

Nígbà tí mo parí ọ̀rọ̀, olùkọ́ kan dìde. Ó ní ọmọ 40 ló wà ní kíláàsì òun, pé òun kì í ṣe dókítà, àti pé àwọn 39 tó kù náà ní ẹ̀tọ́ láti kàwé láìsí pé tábìlì ń ṣubú. Òótọ́ ló sọ, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Àwọn ọjọ́ kan wà tí ọmọ gbọ́dọ̀ jáde kúrò ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ wà lórí ibi tí yóò jáde sí àti ẹni tí yóò bá níbẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí òun yóò ṣe bí ọmọ náà bá dé lọ́jọ́ Ajé. Mo ní kí ó dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, kí àwọn yòókù tó wọlé. Kí ó sọ fún un pé òun kò ní pè é láti kàwé lójú gbogbo ènìyàn lọ́sẹ̀ yìí, pé àwọn méjèèjì yóò jọ ka ìpínrọ̀ kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó bi í pé aago mélòó ló sùn lálẹ́ àná, kí ó sì dákẹ́ títí ọmọ yóò fi dáhùn.