Lọ́yà Tí Kì Í Pe Ẹlẹ́rìí

Tẹ́ ẹ bá ń ka ìtàn iṣẹ́ lọ́yà kan ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àti ẹjọ́ àjọpè ni tirẹ̀, ibo lojú yín ń kọ́kọ́ lọ? Orúkọ yunifásítì! Ẹ fìyẹn sílẹ̀ ná. Ẹ wò ó bóyá ó ti ṣe klàkì fún adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn rí. Ọdún kan péré ni iṣẹ́ ọ̀hún sábà máa ń gbà, àmọ́ ẹni tó ti bá adájọ́ ka ìwé àwọn lọ́yà, tó bá a wá òfin, tó bá a kọ ìdájọ́, ó ti mọ ohun tó ń sú adájọ́.

Wàyí o, ibi tẹ́ ẹ ti máa ń ṣì í rèé. Ẹ rò pé kòtẹ́milọ́rùn ni ká tún ẹjọ́ rò látìbẹ̀rẹ̀. Rárá o! KÒ SẸ́LẸ́RÌÍ TUNTUN! Ẹ ṣáà mọ VAR. Wọn kì í tún bọ́ọ̀lù gbá níbẹ̀. Ohun tí kámẹ́rà ti ká sílẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, bóyá rẹfirí ṣi fèrè fọn. Ọ̀rọ̀ VAR pọ̀ nínú èmi ọmọ Arsenal, ẹ jẹ́ ká máa lọ. Àkọsílẹ̀ ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ni kámẹ́rà ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, ó ti bọ́.

Ẹjọ́ àjọpè wá ńkọ́, tí èèyàn díẹ̀ ń ṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún? Adájọ́ ní láti kọ́kọ́ gbà pé ẹ̀sùn wọn jọra. Ibẹ̀ gan-an nìjà wà! Tó bá gbà, ilé iṣẹ́ tí wọ́n pè lẹ́jọ́ á máa wá bí wọ́n ṣe máa yanjú ẹ. Tí kò bá gbà, ta ni yóò torí 30 dọ́là tó kàn án gba lọ́yà? Ní ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, ẹni tí ìpinnu yẹn ò bá tẹ́ lọ́rùn sábà máa ń ní ọjọ́ 14 láti tọrọ àyè láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. ỌJỌ́ 14, kì í ṣe 30 tí wọ́n sábà máa ń fún ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn!

Ẹ wo Betty Dukes, òṣìṣẹ́ ilé ìtajà ńlá Walmart ní California. Lọ́dún 2001, òun àtàwọn obìnrin mìíràn pẹjọ́ pé wọ́n ń fi obìnrin sẹ́yìn nínú owó iṣẹ́ àti ìgbéga. Adájọ́ gbà kí wọ́n ṣojú obìnrin bíi mílíọ̀nù 1.5. Ní 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tú wọn ká. Wọn ò sọ pé Walmart jẹ̀bi, wọn ò sì sọ pé kò jẹ̀bi. Ọdún mẹ́wàá gbáko, bóyá wọ́n lè jọ pẹjọ́ ni wọ́n ṣì ń fà!

Torí náà, lọ́yà tó bá ní òun ti borí nínú ẹjọ́ àjọpè, ẹ bi í: ta lo ṣojú fún, àwọn tó pẹjọ́ ni àbí ilé iṣẹ́?