Ọkọ̀ tí a kì í sábà wà: bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kó má bàa kú sójú kan

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ṣọ́ọ̀bù wa náà la wà yìí, ní Ìkòròdú, kò jìnnà sí Ìpakodò. Atẹ́gùn ọ̀sà tó ń fẹ́ sí wa yìí dùn lára, ṣùgbọ́n ọ̀rinrin wà nínú ẹ̀, irin ọkọ̀ ò sì fẹ́ràn ọ̀rinrin. Camry tí ẹ ń wò yìí, Big Daddy ni, ti ọdún 2004. Bàbá tó ni ín ti fẹ̀yìn tì. Ó lè tó oṣù méjì kí wọ́n tó gbé e jáde, wọ́n sì ní àwọn ò ní tà á.

Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń sọ fún àwọn kọ́sítọ́mà mi pé, "Ẹ ṣáà máa tan ẹ́ńjìnì fún ìṣẹ́jú márùn-ún láràárọ̀, kẹ́ ẹ sì pa á." Ìmọ̀ràn burúkú ni mo ń gbà wọ́n, mi ò mọ̀ ni.

Ọmọ mi, gbé kámẹ́rà súnmọ́bí. Ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí rèé. Mo ṣí i, mo yí inú ẹ̀ sókè. Ẹ rí nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀, tó ki bí ògì? Omi ló bá ọ́ìlì pò. Tí epo bá ń jó nínú ẹ́ńjìnì, omi wà lára ohun tó ń ti inú ẹ̀ jáde, díẹ̀ nínú ẹ̀ á sì gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì sọ̀ sínú ọ́ìlì. Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá gbóná dáadáa lomi yẹn tó ń gbẹ. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò ká a. Omi àná ṣì wà ńbẹ̀, ẹ tún fi tòní kún un. Bátìrì gan-an ò tíì rí ohun tí sítáátà gbà lọ́wọ́ ẹ̀ gbà padà kẹ́ ẹ tó pa ọkọ̀.

Ẹ má tíì bẹ̀rù o. Mo fa géèjì, irin tí a fi ń wọn ọ́ìlì, yọ, mo fi àkísà nù ún, mo tún tì í bọ̀ ọ́. Ẹ wò ó: ọ́ìlì ara ẹ̀ dúdú díẹ̀, kò sí funfun kankan. Tó bá jẹ́ pé orí géèjì náà ló ti dà bí ògì, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì ló ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ lọ máa wá owó.

Ohun tí mò ń sọ fún wọn báyìí nìyí. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, ẹ wa ọkọ̀ náà lọ sójú títì gidi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó sáré díẹ̀. Ẹ tan AC pẹ̀lú, kódà tí òjò bá ń rọ̀, torí ọ́ìlì tó ń yí kiri nínú ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí àwọn rọ́bà ẹ̀ gbẹ. Tí rọ́bà bá ti gbẹ, gáàsì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ní ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ẹ má wo iye kìlómítà. Tí ọdún bá ti yí po, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú fílítà.

Tẹ́ ẹ bá ń rìnrìn àjò tí ọkọ̀ ò ní jáde rárá, ẹ yọ orí bátìrì. Dúdú lẹ máa kọ́kọ́ tú, spánà 10. Kí ló dé tó fi jẹ́ dúdú? Ara ọkọ̀ ni dúdú so mọ́. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ látorí pupa tí spánà wá lọ kan irin, iná á ṣẹ́ yọ, ojú yín ló sì wà lókè ibẹ̀. Ẹ fi mítà wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó tú u: fóòtì 12.6 ni bátìrì tó kún. Ti bàbá yìí wà ní 12.1. Mo ti gbé e sórí ṣájà látàárọ̀.

Háńdì búrékì ńkọ́? Ẹ má fà á sókè tí ọkọ̀ bá máa pẹ́ lójú kan. Ẹ fi jíà sí P, kẹ́ ẹ fi igi há táyà níwájú àti lẹ́yìn. Mo ti fi òòlù lu dírọ́ọ̀mù búrékì ọkọ̀ kan rí fún wákàtí kan gbáko, ṣúù búrékì ti fi ìpẹtà lẹ̀ mọ́ ọn látìgbà òjò.

Ojú táyà lè ṣì jinlẹ̀ dáadáa kí táyà náà sì ti gbó. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, lẹ́yìn lẹ́tà DOT tí wọ́n kọ síbẹ̀, ibi tí nọ́ńbà mẹ́rin ti parí. Èyí kà 2317: ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún, ọdún 2017, ni wọ́n ṣe é. Ẹ rí bó ṣe ń sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn? Mi ò ní gbé ọmọ mi sórí ẹ̀ lọ sí Ṣágámù.

Ọ́ìlì búrékì máa ń fa omi mọ́ra, ọdún méjì-méjì ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀. Kúláǹtì ni kẹ́ ẹ rọ sí rédíétọ̀, kì í ṣe omi kànga. Epo tó ti lò tó oṣù mẹ́fà nínú tánkì ti ń bàjẹ́, òórùn ẹ̀ gan-an á ti yàtọ̀.

Eku náà wà o. Mo bá ìtẹ́ lórí ẹ́ńjìnì yìí, bàbá sì ti da káńfọ̀ síbẹ̀! Ẹ̀gbẹ́ káńfọ̀ gan-an leku kọ́lé sí. Mo ti kó o dànù, wáyà méjì ló ti gé, rẹwáyà ti dì í. Ẹ má páàkì sórí koríko tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gàrí.

Ó yá, a ti so bátìrì padà, pupa ṣáájú, dúdú tẹ̀ lé e. Mo tan ẹ́ńjìnì. Ẹ gbọ́? Bá a ṣe ń jáde yìí, búrékì á máa ha díẹ̀, ìpẹtà ojú ẹ̀ ló ń fá kúrò. Ó di Odogunyan ká tó yà padà.

A ti dé o. Ẹ jẹ́ kí n nu ìdérí yẹn mọ́, kí n dé e padà. Lọ́sẹ̀ méjì òní, tí bàbá bá ti wà á dáadáa, màá ṣí i fún yín lórí kámẹ́rà.