Ológbò Kì í Sọ Pé Ara Ń Ro Òun

ÀǸTÍ: Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ ń gbọ́ wa ní London àti káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí ológbò àti dókítà ẹranko pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Àbúrò, èwo la ó kọ́kọ́ mú?

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹni tó ní akọ ológbò, Àǹtí. Ó ní láti àárọ̀ ló ti ń wọ inú àwo yanrìn rẹ̀, tó ń lóṣòó, tó ń ké, tí nǹkan kan kò sì jáde. Ó rò pé ìgbẹ́ ló há a, ó sì ń béèrè bóyá òun lè dúró di ọjọ́ Ajé.

ÀǸTÍ: Kò gbọdọ̀ dúró di ọ̀la pàápàá. Ojú ihò tí akọ ológbò ń gbà tọ̀ tín-ín-rín gan-an, bí òkúta wẹ́wẹ́ bá sì dí i, ìtọ̀ yóò kún àpò rẹ̀, oró tó yẹ kí kíndìnrín tú dànù yóò padà sínú ẹ̀jẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì lè dá iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí dókítà yín bá ti tìlẹ̀kùn, ẹ ṣì pe nọ́ńbà rẹ̀, torí òfin iṣẹ́ wọn níbí ni pé kí ètò ìtọ́jú pàjáwìrì wà tọ̀sán-tòru.

ÀBÚRÒ: Ohun tó ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ wa ni pé ológbò kì í fi ìrora hàn.

ÀǸTÍ: Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìṣe rẹ̀ yóò yí padà. Èyí tó ń fò sórí àga tẹ́lẹ̀ kò ní fò mọ́, kò ní lá irun ara rẹ̀, yóò sì máa sá pamọ́. Bí ó bá kọ oúnjẹ fún odindi ọjọ́ kan, ẹ pe dókítà, pàápàá bí ó bá sanra, nítorí ọ̀rá ara rẹ̀ lè ya lọ sínú ẹ̀dọ̀ kó sì bà á jẹ́.

ÀBÚRÒ: Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e, mo mọ̀ pé yóò bí yín nínú: ṣé a lè fún un ní ìdajì panadó?

ÀǸTÍ: Rárá o! Kì í ṣe ìdajì, kì í ṣe ìdá mẹ́rin. Ẹ̀dọ̀ wa ní èròjà tó ń tú panadó ká, ti ológbò kò ní in tó, nítorí náà oògùn yẹn máa ń ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ títí tí kò fi ní lè gbé atẹ́gùn kiri mọ́. Ẹyọ kan ṣoṣo lè pa á. Àwa tí panadó kì í wọ́n nínú báàgì wa ni mo ń bá wí jù.

ÀBÚRÒ: Èmi náà ti fẹ́ dán an wò rí, kí n jẹ́wọ́. Ọbẹ̀ ńkọ́?

ÀǸTÍ: Àlùbọ́sà àti áyù inú ọbẹ̀ wa máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́ bákan náà, ẹ má ṣe bu omi ọbẹ̀ sí oúnjẹ rẹ̀. Oògùn eégbọn ti ajá tó ní permethrin nínú léwu fún un, òdòdó lily sì burú jù: bí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ bá kàn lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀ tó sì lá a, kíndìnrín rẹ̀ lè bàjẹ́ pátápátá.

ÀBÚRÒ: Owó wá ńkọ́?

ÀǸTÍ: Ẹ ra adójútòfò nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í sanwó àìsàn tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ béèrè lọ́wọ́ PDSA, àjọ aláàánú tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹran àwọn tí owó wọn kò tó láti ọdún 1917, tàbí lọ́wọ́ Blue Cross, àjọ aláàánú mìíràn fún ẹran ọ̀sìn. Ẹ má gbàgbé microchip, ẹ̀rọ tín-ńtín tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ rẹ̀: láti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024 ló ti di dandan ní England pé kí ológbò ti ní in kó tó pé ogún ọ̀sẹ̀, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £500.

ÀBÚRÒ: Ti ìkẹyìn ni ti ìyá kan tó ní ológbò òun máa ń ya òun lọ́wọ́ nígbàkúùgbà tí òun bá fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

ÀǸTÍ: Apẹ̀rẹ̀ tí ẹ fi ń gbé e ni kò mọ̀, Mà. Ẹ ṣí i sílẹ̀ nínú pálọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ tẹ́ aṣọ tó ti gba òórùn yín sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa gbé oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀.