Ẹnu Géètì Ni Kí Ẹ Wò: Ọ̀rọ̀ Lórí Ibùdó Àjàgbé Tí Wọ́n Fẹ́ Kọ́ Sí Ẹ̀bá Ìlú Wa

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Àwòrán ibùdó tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí ẹ̀bá márosẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín: ilé epo ńlá, ilé oúnjẹ, yàrá tí awakọ̀ á ti wẹ̀, tí á sì sùn, àti àyè rẹpẹtẹ fún àjàgbé. Ó rẹwà. Wọ́n tiẹ̀ gbin ọ̀pẹ sí i. Ohun tí mi ò rí níbẹ̀ ni títì. Ibi géètì ni ayàwòrán gé e mọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ògèrè Rẹ́mọ. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 127. Ibi tí Ògèrè bọ́ sí dùn mọ́ awakọ̀ tó ń ti Òkè Ọya bọ̀: Èkó ò jìnnà mọ́, ó lè sinmi kó tó wọ sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Páàkì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ pọ̀ ju páàkì lọ, ẹ̀bá títì di páàkì, nígbà tí ẹ̀bá títì náà kún, títì fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín. Ìjọba á lé wọn lónìí, wọ́n á padà dé lọ́túnla. Mi ò dá awakọ̀ lẹ́bi o. Ẹni tó wakọ̀ láti Kánò, tí oorun ti ń gbé lọ, tó ní òun ò ní í dúró, ẹ̀rù tirẹ̀ ló ń bà mí jù.

Mo dúró níbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Mọ́tò bọ́ì kan bọ́ sílẹ̀, ó fi òkúta tó tó orí ọmọdé dí táyà ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n ń lọ, ọ̀gá rẹ̀ fọn fèrè, ọmọ náà fò mọ́ ọkọ̀, òkúta bá kù sójú títì. Ọlọ́kadà méjì ló ya bàrá fún un lójú mi kí n tó lọ gbé e kúrò, tẹ̀mí-tẹ̀mí ni mo sì fi gbé e. Bó bá jẹ́ òru ńkọ́, níbi tí kò síná?

Ọ̀rọ̀ epo ló gba àròjinlẹ̀ jù. Oru tó ń jáde lára bẹntiróòlù ló máa ń gbaná. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í gòkè bí èéfín, ilẹ̀ ló ń rá, á wọ gọ́tà, á máa bá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ. Ìyá tó ń dín àkàrà nísàlẹ̀ ọ̀hún lè má fojú rí táńkà kankan títí oru epo á fi bá iná rẹ̀. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé bí òjò bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí à ń wí yìí, ẹ̀yìn ọjà ni àgbàrá ń gbà.

Táńkà kan lè gbé 60,000 lítà. Ní Dikko, ìpínlẹ̀ Niger, ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2025, ọ̀kan ṣubú, èèyàn tó lé ní 80 kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló wá bu epo. Ní Majiya, ní Jigawa, oṣù Kẹwàá ọdún 2024, àwọn tó kú lé ní 140. Ṣùgbọ́n ní bíríìjì Ọ̀tẹ́dọlá, ní Èkó, ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, kò sẹ́ni tó ń bu nǹkan kan. Bíréèkì ló kọ̀, táńkà ṣubú sáàárín ọkọ̀ tó tò, ọkọ̀ tó jóná lé ní 50. Ìtò ọkọ̀ yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí bẹ́ ẹ bá ń wo géètì.

Ẹ bi wọ́n níbi tí panápaná tó sún mọ́ wa jù wà, àti bóyá wọ́n ní fóòmù, nítorí omi lásán á kàn máa gbé iná bẹntiróòlù kiri ni. Ẹ bi wọ́n níbi tí àwọn ọmọ wa tó ń gbé omi àti gúgúrú lórí á ti máa sọdá. Bí bíríìjì ẹlẹ́sẹ̀ bá jìnnà sí géètì, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Òfin àyẹ̀wò àyíká, tó ní kí wọ́n yẹ ohun tí iṣẹ́ ńlá lè ṣe sí àyíká wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ti wà láti ọdún 1992: bí ìwé àyẹ̀wò bá jáde, ọjọ́ iṣẹ́ 21 ni aráàlú ní láti kà á, kí wọ́n sì fèsì. Ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ yẹn lọ lásán.

Bàbá kan dìde níwájú, wọ́n ní, "Ṣé ká kọ̀ ọ́ ni?" Mo ní rárá, Bàbá, àjàgbé á kọjá, á sì dúró, yálà a kọ́lé fún un tàbí a ò kọ́. Tèmi ni pé kí géètì má kọjú sí márosẹ̀. Kí wọ́n yọ ọ̀nà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ogún àjàgbé lè tò sí láìfi ìdí kan títì. Bí ọ̀kan bá gùn tó mítà 16, ọ̀nà yẹn ti lé ní mítà 300 nìyẹn, owó ńlá ni.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìkọkànlélógún ńkọ́?"

Mo ní páàkì tó bá kún gbọ́dọ̀ lè ti géètì, kí pátákó sì ti sọ fún awakọ̀ láti ọ̀nà jíjìn pé kò sáyè mọ́. Mo tún ìwé wọn yẹ̀ wò níbẹ̀. Wọ́n kọ iye yàrá, wọ́n kọ iye ẹ̀rọ epo. Wọn ò kọ ẹni tó máa ti géètì lóru, wọn ò sì kọ nọ́ńbà tí a lè pè bí kò bá tì í.