Kí Ẹ Tó Gba Ológbò Àkọ́kọ́ Yín Wálé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ológbò dúdú tí ẹ ń wò lórí àga yìí, Àbẹ̀ní lorúkọ rẹ̀. Òun ni ológbò àkọ́kọ́ tí mo ní fúnra mi, ilé ìtọ́jú ẹranko ní Battersea, níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mo sì ti gbà á. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń dà láàmú pé ológbò lòun fẹ́, àti ẹ̀yin tí ilé ti dá jù fún, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, torí eku la ṣe ń sin ológbò. Kì í lórúkọ, eegun ẹja ló ń jẹ. Bó bá wá jẹ́ dúdú, wọ́n á ní ọwọ́ ayé ń bẹ nínú ẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, àmọ́ ohun tí mo fojú ara mi rí ní Battersea ni ẹranko kan tó ká jọ sí ìgun yàrá, tó ń wárìrì.

Ilé náà ti pẹ́. Mary Tealby ló dá a sílẹ̀ ní Holloway lọ́dún 1860 fún àwọn ajá tó sọnù. Wọ́n kó lọ sí Battersea lọ́dún 1871, ológbò ò sì wọbẹ̀ títí di 1883. Bí Battersea bá jìnnà sí yín, ẹgbẹ́ Cats Protection wà, láti 1927 ni wọ́n ti ń ṣe é, ológbò nìkan sì ni tiwọn.

Ẹ ò kàn ní wọlé kí ẹ nawọ́ sí èyí tó wù yín. Wọ́n á bi yín léèrè: ṣé ọmọdé wà nílé? Ṣé ẹ ní ajá? Ta ló ń wà nílé lọ́sàn-án? Bí ẹ bá ń háyà ilé, ẹ ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó lọ. Ìbéèrè yẹn fẹ́ sú mi lọ́jọ́ náà, àfi bí ẹni tó wá tọrọ ọmọ. Nígbà tó yá ló yé mi pé ọmọ ni mo wá tọrọ lóòótọ́, mo sì bẹ̀ kí n tó rí i gbà. Ìdí tó fi ń jẹ́ Àbẹ̀ní nìyẹn.

Ojú gbogbo èèyàn ló máa ń lọ sára ọmọ ológbò. Èrò tèmi ni pé bó bá jẹ́ àkọ́kọ́ yín, tí ẹ sì ń lọ síbi iṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, ẹ gba àgbà. Ìwà ọmọ ológbò ò tíì dúró. Ti àgbà, àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ lè sọ fún yín bóyá ó gba ọmọdé láyè, bóyá ó máa ń ha èèyàn lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 8 ni Àbẹ̀ní nígbà tí mo gbà á.

Ẹ ó san owó díẹ̀, àmọ́ wọ́n á ti fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá bó bá jẹ́ akọ, tàbí kí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún abo kó má baà máa bímọ. Wọ́n á sì ti fi microchip, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni ológbò, sábẹ́ awọ rẹ̀, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Láti ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2024, òfin ni èyí ní England kí ológbò tó pé ọ̀sẹ̀ 20, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £500. Ẹ rí i pé nọ́ńbà fóònù yín ni wọ́n kọ mọ́ ọn, kì í ṣe ti ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀.

Ó wá délé. Ibí yìí lọ̀rọ̀ wà.

Yàrá kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un. Ẹ gbé abọ́ yanrìn tí yóò máa ṣu sí sí ìgun kan, kí oúnjẹ àti omi jìnnà sí i. Ẹ gé ihò sára páálí kan kó ríbi sá pamọ́ sí. Bí mo ṣe ṣí àpótí tí mo fi gbé Àbẹ̀ní wá, ó yọ́ jáde, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́ nílẹ̀, ó di abẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, ojú méjèèjì tó ń dán nìkan ni mò ń rí. Bí mo bá jí, abọ́ oúnjẹ á ti ṣófo, àmọ́ kò jẹ́ jẹun lójú mi. Mo rò pé kò fẹ́ mi ni.

Àwọn àgbà ní yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. Ológbò tó wà lábẹ́ ibùsùn ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni, ó ń fi imú mọ ilé, ó ń fi etí mọ ìró ẹsẹ̀ yín. Ẹ má fà á jáde. Ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá wò yín, ẹ má tẹjú mọ́ ọn, ìjà nìyẹn lójú tiẹ̀. Ẹ rọra pajú dé, kí ẹ rọra là á. Bí òun náà bá ṣe bẹ́ẹ̀ padà, ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀ nìyẹn.

Lóru ọjọ́ kẹrin, nínú òkùnkùn, mo gbọ́ tó ń rún oúnjẹ gbígbẹ. N ò mira. Ó jẹun tán, ó wá fi iwájú orí kan ìka ẹsẹ̀ mi tó yọ létí bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀kan péré, ó padà sábẹ́ ibùsùn. Omi bọ́ lójú mi.

Oúnjẹ tí wọ́n ń fún un níbi tó ti wá ni kí ẹ kọ́kọ́ máa fún un, kí ẹ tó máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bó bá lo ọjọ́ kan sí méjì láìfẹnu kan nǹkan, ẹ pe dókítà ẹranko, torí ẹ̀dọ̀ ológbò tí kò jẹun máa ń tètè bàjẹ́. Ọbẹ̀ wa ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún un. Àlùbọ́sà àti aáyù inú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́. Wàrà màlúù náà máa ń da inú ọ̀pọ̀ wọn rú. Ẹyọ parasítámọ́ọ̀lù kan lè pa á. Òdòdó lílì, ẹ má gbé e wọlé rárá: bí àtíkè rẹ̀ bá ta sí ológbò lára, tó sì fi ahọ́n lá a, kíndìnrín rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Bí akọ bá ń lọ sídìí yanrìn lemọ́lemọ́ tí ìtọ̀ ò jáde, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ, kó má di ọ̀la.

Aláboyún lè bá ológbò gbélé, àmọ́ kí ẹlòmíì máa bá a kó ìgbẹ́ rẹ̀, lójoojúmọ́. Kòkòrò tó ń kóni láàrùn nínú ìgbẹ́ ológbò máa ń lò tó ọjọ́ kan ó kéré tán kó tó lè ran èèyàn.

Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni kó lò nínú ilé kó tó jáde. Bọ́jọ́ bá pé, ẹ ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn láàárọ̀ kí ẹ tó fún un lóúnjẹ, ebi ni yóò rán an padà. Àbẹ̀ní dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbóòórùn ojò lórí koríko, ó wẹ̀yìn wò mí. Mo mi abọ́ oúnjẹ ní ilé ìdáná. Ó padà wọlé.